Àǹtí Bò-ó-dáadáa àti Ráútà Wa

Kí Àǹtí tó lè rí wa lójú fóònù, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọṣọ fún ilé.

Ọkọ mi á mú aṣọ tẹlifíṣọ̀n, ọmọ wa obìnrin á mú ti fíríìjì, èmi á mú ti rédíò, ti kẹ́tù àti ti àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dilẹ̀ ni yóò wọ ti ráútà, àpótí kékeré tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Òwú ni gbogbo aṣọ náà. Àǹtí ló fọwọ́ ara wọn hun wọ́n, tí wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìlú tí wọ́n ń gbé. Ti ráútà ló dé kẹ́yìn, òun ló sì dára jù. Àwọ̀ ọsàn ni, ó nípọn bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta níwájú bíi kóòtù, ó sì ní ihò méjì tí ọ̀pá eríà ráútà ń gbà yọ síta bí etí ehoro.

Àǹtí ni àbúrò bàbá ọkọ mi, àwọn ló sì tọ́ ọkọ mi dàgbà. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ fara ti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Eruku ibẹ̀ kò mọ ọlọ́lá, kò mọ mẹ̀kúnnù. Ohun tí Àǹtí bá bò nìkan ló ń pẹ́. Ọmọ tó bá gbé nǹkan kalẹ̀ nínú ilé náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dúró dè é: "Ṣé o bò ó dáadáa?" Bí orúkọ Àǹtí Bò-ó-dáadáa ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn, wọn kì í sì í bínú sí i.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ṣèèṣì pè wọ́n láìpalẹ̀mọ́. Wọ́n rí tẹlifíṣọ̀n wa ní ìhòòhò. Wọn ò bínú. Bíbínú ì bá sàn. Wọ́n kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ tó bá àna rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá ti lówó kì í rántí aṣọ." Ó pẹ́ kí ọkọ mi tó bẹ̀bẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, a kì í pe Àǹtí kí ohunkóhun nínú ilé wà láìwọṣọ.

Ṣùgbọ́n tí a bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń bọ́ gbogbo rẹ̀ ni. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ iyì aṣọ. N kò lè jẹ́ kí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ máa gba eruku lójoojúmọ́. Mo máa ń fọ̀ wọ́n, mo máa ń fi sítáṣì sí ti ráútà títí á fi le gbagidi, n ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, n ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ìgbà tí a ó tún pe Àǹtí. Aṣọ àlejò ni, àlejò tó sì ni ín ni Àǹtí.

Ìgbà tí Àǹtí yọ̀ ṣubú, tí ìbàdí wọn yẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ráútà wá di ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn nìkan ló ń gbé. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Àyè kan sì ṣí sílẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ará ibẹ̀ ní bọ́ọ̀sì àwọn yóò wá gbé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, àfi tí ẹbí kan bá ní òun fẹ́ wọn.

Àwa fẹ́ wọn. Ọkọ mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí a jókòó jíròrò rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún un. Ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó kó ẹrù ọmọ wa kúrò ní yàrá kékeré, ó gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó sì kan ọ̀pá irin gígùn kan mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, kí Àǹtí lè máa rí nǹkan dì mú. Ó kù kí Àǹtí gbà.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú wọn lọ́sàn-án sọ fún wọn pé a fẹ́ kí wọ́n wá. Àǹtí ní, "Ta ló bí nọ́ọ̀sì mọ́ wa? Ọmọ tí mo tọ́ ni kó wò mí lójú, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo sì fẹ́ rí yàrá náà, kí n mọ̀ bóyá ilé ni, tàbí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí."

Kì í ṣe agídí lásán. Etí wọn ti di, ẹnu ẹni ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tí à ń wí, nítorí náà àfi kí wọ́n rí wa lójú fóònù, kí nọ́ọ̀sì bá wọn dì í mú. Ilé tiwa náà ní àbùkù tirẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ la wà, ilé alájà mẹ́fà ló jókòó lé wa lórí. Láìsí ráútà, kò sí fóònù tó ń mú níbẹ̀. Àfi kéèyàn jáde lọ dúró sí títì. Ọmọ wa ní kí bàbá òun lọ pè wọ́n láti ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú ìdáhùn Àǹtí padà wá: "Títì lẹ fẹ́ fi mí sí ni?"

Lọ́jọ́ Ajé, a wọṣọ fún ilé, a sì pè wọ́n.

"Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán o."

"Ọ̀sán dáa. Ẹ kú ilé."

"Ẹ kú àtọjọ́mẹ́ta."

"Àtọjọ́mẹ́ta o. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́. Ìbàdí ńkọ́, Àǹtí?"

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn mí. Ìyàwó ńkọ́?"

"Èmi rèé, Àǹtí. Ẹ kú ara ríro."

"Ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn olórí gbogbo tí ò ń fá ńkọ́, ṣé irun ṣì ń hù? Bàbá yín tòkè ńkọ́, èyí tó ń tẹ bọ́tìnnì?"

"Gbogbo wọn ń kí yín."

"Aṣọ ráútà ńkọ́?"

Ọmọ wa gbé fóònù lọ síwájú ráútà kí Àǹtí lè rí i. Ó jókòó lórí tábìlì nínú kóòtù rẹ̀ bí ọ̀gá ilé-ìwé.

"Áà, ó bá a mu," ni Àǹtí wí, inú wọn sì dùn. "Ó yá, kí lẹ fẹ́ bá mi sọ?"

Ọkọ mi tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Àǹtí, ohun tá a fẹ́ sọ ni pé..."

Ẹnu Àǹtí dúró ní yíyà. Ojú wọn kò ṣẹ́ mọ́. Iná aláwọ̀ ewé ara ráútà, tó ń yọ fírífírí láàárín òwú, ti di pupa.

A bọ́ kóòtù kúrò kí a lè rí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án, a pa á, a tàn án, a dúró, ó padà. A wọ kóòtù fún un, a tún pe Àǹtí. Mo rò pé a ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí a dé. Kò sí ohun tó ń jẹ́ níbi tí a dé lọ́dọ̀ Àǹtí. Wọ́n ní ẹni tó jáde tó tún wọlé, ó ní láti kí ará ilé. Ẹ kú ọ̀sán, ọ̀sán dáa. Ìbàdí, ìyàwó, ọmọ, iṣẹ́, àwọn olórí, bàbá tòkè, aṣọ ráútà. "Ó yá, kí lẹ fẹ́ sọ?" "Àǹtí, ohun tá a fẹ́..." Iná tún di pupa.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọkọ mi jáde sí títì, ó rí ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sórí fóònù rẹ̀: *Màmá ní ẹ̀ ń pa fóònù mọ́ àwọn lójú. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìkíni, ẹ̀ ń gbọ́. Tó bá ti kan ọ̀rọ̀ pé kí àwọn máa bọ̀, ẹ̀ ń sá. Wọ́n ti ní kí n bá àwọn wá àpótí tí àwọn ó fi di ẹrù.*

Ọkọ mi wọlé, ó jókòó sórí àga tó wọ kóòtù òwú, ó sì káwọ́ lé orí. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kejì, a ránṣẹ́ sí Bàbá Ẹnjiníà lókè, bàbá tòkè tí Àǹtí máa ń béèrè. Ẹnjiníà yìí, orúkọ àdúgbò ni. Iṣẹ́ tí bàbá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ni pé wọ́n ń jókòó nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè nílé-iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n ń bá ènìyàn tẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà kò já bọ́ rí, wọ́n sì gbà pé àwọn ni kò jẹ́ kó já.

Wọ́n yí ráútà ká, wọ́n fi ìka kan bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Ẹni tó ṣe aṣọ yìí kú iṣẹ́. Ó dé e mọ́ra pinpin. Kò sí ibi tí eruku lè gbà."

"Kò sí, Bàbá," ni mo wí, orí mi wú. "Èmi ni mo ń fi sítáṣì sí i."

"Ẹ pe àwọn tó tà á fún yín."

Ni ọkọ mi bá jáde lọ dúró láàárín títì, ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi dúró ti fèrèsé wa, tó jẹ́ pé bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan la máa ń rí níbẹ̀. Ọmọ wa dúró ti ráútà. Bàbá Ẹnjiníà jókòó sáàárín, wọ́n ní àwọn ni alága.

"Ó ní iná wo ló tàn?" ọkọ mi ké láti títì.

"Pupa!"

"Ó ní ṣé nǹkan kan wà lórí ẹ̀?"

Mo yíjú wò ó. Ráútà wà nínú kóòtù rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Kò sí ìwé lórí rẹ̀, kò sí ife, kò sí kọ́kọ́rọ́. "Rárá o! Orí ẹ̀ mọ́ fefe!"

"Ó ní ṣé afẹ́fẹ́ ń dé ara ẹ̀?"

Bàbá Ẹnjiníà ló dáhùn. "Sọ fún un pé kò sí atẹ́gùn kankan níbí! A ti sé gbogbo fèrèsé, àfi èyí tí ìyàwó ẹ ń gbà pariwo!"

Ọkọ̀ kan fun fèrè mọ́ ọkọ mi. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó tún padà. "Ó ní kí ẹ pa á, kí ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó tàn án!"

Bàbá Ẹnjiníà ní àgbà ló ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa bọ́ kóòtù, ó pa ráútà, bàbá sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kà á dé àárín, bàtà kan kọjá níwájú fèrèsé, ohùn kan ní, "Ẹ kú ilé o." Bàbá ní, "Ẹ kú ìrìn o, ṣé dáadáa lẹ ti ibi iṣẹ́ dé?" Wọ́n wá bi mí pé mélòó làwọn kà dé. N kò mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà. Bàtà mìíràn tún kọjá.

"Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́," ni ọmọ wa wí.

"Kí n má dáni lóhùn nítorí àpótí? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ níléèwé?"

Nígbà tí wọ́n fi máa ka ọgbọ̀n pé, ráútà ti sinmi tó ẹni tó lọ sí ìrìnàjò. Ọmọ wa tàn án, iná ewé yọ kedere. "Kíkà ni oògùn ẹ̀!" ni Bàbá Ẹnjiníà ké. A sáré wọṣọ fún ilé. A pe Àǹtí. A kí wọn, a kí wọn, a fi aṣọ ráútà hàn wọ́n. "Àǹtí, ohun tá a fẹ́ sọ ni..." Pupa.

Bàbá Ẹnjiníà wo ọwọ́ wọn. "Bóyá ọ̀kan ni mo fò."

Lọ́jọ́rú, ilé-iṣẹ́ náà rán obìnrin kan wá, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Kó tó wọlé, mo ti bọ́ kóòtù kúrò, nítorí n kò mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wá. Ó so ẹ̀rọ kan mọ́ ráútà, ó wo wáyà, ó wo iná, ó fi fóònù ara rẹ̀ wo eré kan látòkè délẹ̀ níbẹ̀ kó fi dán an wò. Kò já.

"Màmá, ráútà yín sàn ju èyí tó wà nílé mi lọ."

Ó lọ. A wọṣọ fún ilé, a pe Àǹtí. Ó já kí a tó dé ọ̀dọ̀ bàbá tòkè. Ọkọ mi sáré bá obìnrin náà ní títì, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà. Kí wọ́n tó wọlé, mo ti tún yára bọ́ kóòtù, mo há a sábẹ́ apá. Obìnrin náà dé, ó bá iná ewé níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú sí i. Ó wo ọkọ mi. Ó wo fíríìjì tó wọ súwẹ́tà. Ó wo kẹ́tù tó dé fìlà.

"Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn báyìí?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di àpò rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Ẹnjiníà ní ó tán, àwọn ti mọ̀ ọ́n. "Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ yín. Ó ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin yẹn. Tó bá ti kan Àǹtí, á kú. Ẹ má tan ara yín jẹ, àpótí yìí mọ Àǹtí, kò sì fẹ́ràn wọn."

"Ẹ̀rọ ò mọ èèyàn, Bàbá," ni ọmọ wa wí.

"Ta ló sọ fún ẹ? Ẹ̀rọ tèmi mọ̀ mí."

Ọkọ mi, tí kì í bẹ oníbàárà pàápàá, fa àga súnmọ́ ráútà. Ó ní, "Jọ̀ọ́. Obìnrin náà ló tọ́ mi. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún ẹ, foríjì wọ́n." Mo gbójú sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, bí ẹlòmíì bá sọ ọ́ fún mi, n ó ní irọ́ ló ń pa.

Ráútà kò dáhùn. Bàbá Ẹnjiníà fọwọ́ kàn án, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti pa á. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ó tutù rinrin. Abẹ́ ilẹ̀ lẹ fi sí! Òtútù ló ń mú un."

Nítorí náà lọ́jọ́bọ̀, a wọ kóòtù fún un, a sì fi súwẹ́tà àtijọ́ ọkọ mi lé e, a so ọwọ́ súwẹ́tà náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyẹn kò tilẹ̀ jẹ́ kí a kí Àǹtí délẹ̀. Ọkọ mi ní ó ṣe tán, òun ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀, òun ó wá kí wọn tó bá yá. A tún tàn án. Bí ojú Àǹtí ṣe yọ, ó ké, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

Àǹtí na ọwọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀. Ṣé mo sùn tì ẹ́ mọ́jú ni? Ibo lo ju ẹ kú ọ̀sán sí? Ṣé nítorí pé mo fẹ́ lọ sílé arúgbó, n kò tó kí mọ́? Ìgbà tí o wà ní kékeré, tí mo..." Ibẹ̀ ni ráútà ti gbà á lẹ́nu wọn.

Nọ́ọ̀sì kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ náà pé Màmá ti di ẹrù tán, àti pé wọ́n ní kí àwọn bá wọn kí wa.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ọkọ mi kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ẹnjiníà ní ó ku ohun kan tí a ò tíì ṣe: gíga. Wọ́n ní ohun tó bá ga ló ń ríran jìnnà, iṣẹ́ tí àwọn fi gbogbo ayé àwọn ṣe nìyẹn. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má wo ráútà lójú, bóyá ìtìjú ló ń dà á láàmú. Bí Àǹtí bá lè rí gbogbo yàrá wa lọ́sàn-án náà, ohun tí wọn ì bá rí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn lórí àga, tó gbé ráútà sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ráútà nínú kóòtù, kóòtù nínú súwẹ́tà. Bàbá arúgbó kan tó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ. Àti èmi, tí mo di ojú.

Ọmọ wa pè wọ́n. Àǹtí yọ. Wọ́n ti wọ kóòtù ìrìnàjò. Àpótí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ti hun aṣọ fún òun náà.

"Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán o," ni ọkọ mi wí láti òkè.

"Ọ̀sán dáa. Kí lo gun?"

"Àga ni, Àǹtí. Ẹ kú àtọjọ́mẹ́ta."

"Àtọjọ́mẹ́ta. Ara ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Kí ló dé tó ń sùn ní ìdúró?"

Ó já.

Ọkọ mi gbé ráútà sọ̀kalẹ̀ síwájú ojú rẹ̀, ó wo iná pupa náà. Lẹ́yìn náà, ó ké igbe kan tí n kò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀, ó gbá súwẹ́tà mú, ó fà á ya, ó gbá kóòtù mú, bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò, ọ̀kan bá Bàbá Ẹnjiníà ní ìpàkọ́. Ó fẹ́ la ráútà mọ́lẹ̀, ìyẹn hàn lójú rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú sílẹ̀ fúnra mi. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Mo ti lè yíjú padà?" ni Bàbá Ẹnjiníà béèrè.

Nínú ọwọ́ mi, bí atẹ́gùn fèrèsé ṣe ń kàn án, iná pupa ṣẹ́jú. Ó di ewé. Fóònù dún. Àǹtí fúnra wọn ló ń pè wá, ọmọ wa sì ti gbé e kí a tó lè wọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni.

Àǹtí rí ráútà ní ìhòòhò nínú ọwọ́ mi. Wọ́n rí kóòtù àwọ̀ ọsàn nínú ọwọ́ ọmọ tí wọ́n tọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ti já.

"Ta ló bọ́ ọ láṣọ?"

Ìbẹ̀rù mú ọkọ mi. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó gba ráútà lọ́wọ́ mi, ó yára gbé kóòtù wọ̀ ọ́, ó fọwọ́ dì í níwájú níbi tí bọ́tìnnì ti já. A dúró. Ráútà gbóná nínú ọwọ́ rẹ̀, iná di pupa, Àǹtí lọ. Ó bọ́ ọ. A tún dúró. Iná ewé yọ. A wo ara wa. Bàbá Ẹnjiníà ti yíjú padà, wọ́n ń fọwọ́ pa ìpàkọ́.

"Ó mà ń làágùn ni," ni wọ́n wí, bí ẹni pé àwọn ò mọ ẹni tó ní kí a wọ súwẹ́tà fún un.

Fóònù tún dún. Àǹtí ni. Wọ́n na ìka sí wa. "Ẹ ẹ̀ lè pa á mọ́ mi lójú lónìí! Bọ́ọ̀sì yẹn ti wà ní ìta. Ẹ sọ ọ́ tán kí n mọ̀."

Ọkọ mi gbé ráútà kalẹ̀ sórí tábìlì bó ṣe wà. "Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán."

Ìkíni ni ìyẹn. Wọn ò lè má dá a lóhùn. "Ọ̀sán dáa."

Ó kí wọn délẹ̀. Ìbàdí, ara, ìyàwó, ọmọ, gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Ó dé ibẹ̀.

"Aṣọ ráútà ńkọ́?" Àǹtí béèrè, ohùn wọn tutù bí omi kànga.

"Àǹtí, aṣọ náà ló ń pa á."

Àǹtí tẹjú mọ́ kóòtù náà. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń gbàdúrà pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má já. Lọ́wọ́ yìí, gbogbo wa, tó fi dórí Bàbá Ẹnjiníà, là ń gbàdúrà pé kó já. Kò já. Ó mọ́ kedere, a ń rí gbogbo ìlà ojú Àǹtí.

"Gbogbo ìgbà tó ń já yẹn," ni wọ́n wí níkẹyìn, "aṣọ mi ló wọ̀?"

"Aṣọ yín ni."

"Tí ẹ bá ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mi wo èmi. Mo ní, "A máa ń bọ́ ọ, Àǹtí. Kó má baà dọ̀tí. Ẹ̀yin nìkan là ń wọ̀ ọ́ fún."

"Ẹ rí i pé ó ń kú, ẹ ò sì bọ́ ọ?"

"A ò mọ̀ pé òun ni. Tí a bá sì mọ̀," ni ọkọ mi wí, "ta ló máa jẹ́ kí ẹ rí i ní ìhòòhò?"

Àǹtí yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ gbọ́? Kí n má baà bínú, wọ́n fẹ́ẹ̀ fi mí ránṣẹ́ sílé arúgbó." Èjìká wọn ń gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni. Ìgbà tí fóònù náà ń mì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló pa àwọn méjèèjì.

Nígbà náà ni ọkọ mi sọ ọ́. Ó súnmọ́ fóònù, ó la ẹnu dáadáa kí Àǹtí lè rí i. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ kí ẹ wá."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Wọ́n wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi pa á dé. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó yíjú, Àǹtí kò gbọ́.

"Gbé mi lọ wo yàrá yẹn."

Ọmọ wa gbé fóònù wọ yàrá kékeré. Ó fi bẹ́ẹ̀dì hàn wọ́n, ó fi àtùpà hàn wọ́n, àti ibi tí fèrèsé wà. Àǹtí kò sọ ó dára, wọn ò sọ kò dára. Fóònù dé ara ògiri.

"Dúró. Kí ni irin gbọọrọ yẹn?"

"Ibi tí ẹ ó máa dì mú ni, Àǹtí," ni ọkọ mi wí. "Láti bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀. Èmi ni mo kàn án."

"Irin ni?"

"Irin ni."

"Tí kò wọ nǹkankan? Kí n máa fọwọ́ di irin tútù mú lórú?" Wọ́n gbé ojú sókè sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún àwọn onímọ́tò yẹn pé mo níṣẹ́ láti ṣe. Kí ẹ sì bá mi wá òwú kún òwú. Irin yẹn gùn."

Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Ọ̀pá irin ti wọṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọ̀ ọsàn àti búlúù, ó sì rọ ọwọ́ lóòótọ́. Èmi náà máa ń dì í mú tí mo bá ń kọjá. Bàbá Ẹnjiníà gba fìlà kan, wọn kì í ṣí i lórí.

Ráútà nìkan ni kò wọ nǹkankan. Àǹtí gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á wúkọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kó lè mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀.